Àmì Láìsí Ẹsẹ: Àyẹ̀wò Yanrìn Títẹ̀ nínú Ìwé Ẹgbẹ́ Golden Dawn

Bí a bá dárúkọ awo àwọn òyìnbó láàrin àwa ọ̀mọ̀wé, ìhà méjì ni a sábà máa ń pín sí. Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ Sàtánì ni, kí a má tilẹ̀ ṣí ìwé rẹ̀ wò. Àwọn kejì yóò ní kò sí ohun kan níbẹ̀ tí òyìnbó kò jí kó lọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà. Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí títí ó fi sú mi, nítorí pé nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó ń jà á, ó ṣòro kí a tó rí ẹnì kan tí ó ti ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iṣẹ́ tiwa nínú ẹgbẹ́ yìí ni kí a kàwé, kí a sì sọ ohun tí a rí nínú rẹ̀. Nítorí náà mo fẹ́ kí a jùmọ̀ wo ẹ̀ka kan ṣoṣo nínú ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ awo kan tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1888, ẹ̀ka tí ọmọ Yorùbá lè fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ wò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń dì í lọ́wọ́ mú.

Hermetic Order of the Golden Dawn ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Ọkùnrin mẹ́ta ni ó dá a sílẹ̀: William Wynn Westcott, Samuel Liddell MacGregor Mathers àti William Robert Woodman. Ọmọ ẹgbẹ́ Freemason ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé oyè orí oyè, ìbúra, aṣọ oyè àti ọ̀rọ̀ àṣírí pọ̀ nínú ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n ń pè ní Neophyte. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa gòkè díẹ̀díẹ̀, a ó sì máa fún un ní ìwé ẹ̀kọ́ tí yóò há sórí ní ipò kọ̀ọ̀kan: lẹ́tà àwọn Hébérù, orúkọ àwọn ìràwọ̀, àmì ilẹ̀, ti omi, ti iná àti ti afẹ́fẹ́. Ìdánwò ń bẹ kí a tó gbé ènìyàn gòkè, gẹ́gẹ́ bí ti Yunifásítì. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ obìnrin awo kan ní Jámánì ni àwọn ti gba àṣẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ellic Howe tú ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1972, ohun tí ó fi hàn ni pé àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi ń yangàn jọ ayédèrú. Èmi kò ní tìtorí èyí dá wọn lẹ́bi jù. Ẹgbẹ́ awo wo ni kò bu ọdún kún ọjọ́ orí ara rẹ̀?

Ní 1900 ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn, ẹgbẹ́ sì fọ́ sí ọ̀nà púpọ̀. Israel Regardie, ẹni tí ó wọ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka tí ó ṣẹ́kù, ni ó wá tẹ àwọn ìwé ẹ̀kọ́ náà jáde ní ìdìpọ̀ mẹ́rin láàrin 1937 àti 1940, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbúra àṣírí wà lórí wọn. Bí kò bá ṣe tirẹ̀ ni, à bá máa sọ àgbọ́sọ ni títí di òní.

Challenge ní Ìlọrin ni mo ti ra ẹ̀dà tèmi, láàrin àwọn ìwé àlòkù tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, lábẹ́ ìwé ìṣirò kan tí èèpo rẹ̀ ti ya. Ó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí pé Challenge kan náà ni orúkọ tí àwọn míṣọ́nnárì SIM fún ìwé ìròyìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1951 àti àwọn ilé ìtàwé wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí mo ti rà á ni ó mú kí Ìlọrin ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá ti Challenge kọrí sí ìhà Ọjà Ọba yóò bọ́ sí àárín agbo ilé àwọn àáfà. Nígbà tí mo sì dé ibi tí ìwé Regardie ti ń kọ́ni ní ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní geomancy, ohun tí mo rí níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àáfà tí ń tẹ yanrìn.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Ẹni tí ó fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀ yóò mú bébà àti pẹ́ńsùlù. Yóò ya àmì onígun márùn-ún sí òkè bébà, yóò sì kọ àmì ẹ̀mí tí ó ni ọ̀rọ̀ náà sí àárín rẹ̀. Lẹ́yìn èyí yóò gbé ìbéèrè rẹ̀ sí ọkàn, yóò sì máa fi pẹ́ńsùlù ta ẹ̀kán-ẹ̀kán sórí bébà ní ìlà mẹ́rìndínlógún, láìka iye tí ó ń ta. Nígbà tí ó bá parí, yóò ka ìlà kọ̀ọ̀kan ní méjì-méjì. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, àmì kan. Bí kò bá ṣẹ́ku nǹkan, àmì méjì. Ìlà mẹ́rin-mẹ́rin ni ó ń di àwòrán kan, àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ń pè ní Ìyá. Láti ara àwọn Ìyá ni a ti ń bí Ọmọbìnrin mẹ́rin. A ó tún so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì láti bí mẹ́rin mìíràn. Àwọn wọ̀nyí ni yóò bí Ẹlẹ́rìí méjì, àwọn Ẹlẹ́rìí yóò sì bí Onídàájọ́ kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìṣirò yóò gbádùn rẹ̀: ọ̀nà 65,536 ni àwọn Ìyá mẹ́rin lè gbà jáde, síbẹ̀ nínú àwòrán mẹ́rìndínlógún, mẹ́jọ péré ni ó lè jẹ́ Onídàájọ́ láé, nítorí pé iye àmì Onídàájọ́ kò lè ṣàìjẹ́ èyí tí a lè pín sí méjì dọ́gba.

Mo mú ojú ìwé tí àwọn àwòrán náà wà lọ bá àáfà àgbàlagbà kan tí ó mọ yanrìn í tẹ̀. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi ìka kan èyí tí ó ní àmì kan-kan ní ọ̀nà mẹ́rin, ó ní, “Táríkì nìyí.” Ó kan èyí tí ó ní méjì-méjì, ó ní, “Èyí ni jàmáà.” Ó wá gbójú sókè wò mí: “Ìwọ ọmọ yìí, àáfà wo ni ó kọ ọ́ fún ọ?” Mo ní, “Òyìnbó ni ó kọ ọ́, Baba.” Ó ní, “Òyìnbó náà ti jókòó ti àáfà rí nìyẹn.”

Òtítọ́ pọ́ńbélé ni Baba sọ. Via ni orúkọ tí àwọn Golden Dawn ń pe àwòrán àkọ́kọ́ yẹn, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Látìnì sì ni ọ̀nà; ọ̀nà náà ni táríkì ní èdè Lárúbáwá. Populus ni wọ́n ń pe èkejì, èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn, jàmáà tí gbogbo wa ń pè lójoojúmọ́. Ní ọ̀rúndún kejìlá, ní ilẹ̀ Spain, ni Hugh of Santalla àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti túmọ̀ ẹ̀kọ́ yanrìn láti èdè Lárúbáwá sí Látìnì. Ibẹ̀ ni ó gbà wọ ìwé Agrippa tí a tẹ̀ ní 1533, ibẹ̀ ni ó sì gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin mẹ́ta ti 1888. Nítorí náà, ẹni tí ó ní láti Ifẹ̀ ni wọ́n ti jí i kó ní láti fi ọ̀nà tí wọ́n gbà hàn wá. Ọ̀nà ti àwọn Lárúbáwá hàn kedere, ojú ọ̀nà náà sì mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò túmọ̀ sí pé gbogbo Mùsùlùmí ni ó tẹ́wọ́ gbà á. Hàdíìsì kan wà nípa ànábì kan tí ó máa ń fa ìlà, àwọn onímọ̀ sì ti jiyàn púpọ̀ lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Ibn Khaldun ní tirẹ̀ bẹnu àtẹ́ lu yanrìn títẹ̀ nínú Muqaddima tí ó kọ ní 1377.

Ifá wá ńkọ́? Àwòrán mẹ́rìndínlógún kan náà ni. Via ni Ogbè, Populus ni Ọ̀yẹ̀kú, Conjunctio ni Ìwòrì, Carcer ni Òdí, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí dé Ọ̀ṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Amissio àti Òfún tí wọ́n ń pè ní Acquisitio. Kò lè ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀: ẹnikẹ́ni tí ó bá to ẹyọ kan tàbí méjì sí ọ̀nà mẹ́rin, ìbáà jẹ́ ní Ifẹ̀ tàbí ní Baghdad, mẹ́rìndínlógún ni yóò kàn, kò ní lé, kò ní dín. Lórí bóyá ọ̀kan bí èkejì, àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan. Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, gba ìtàn Sẹ̀tílù ará Tápà sílẹ̀. Maupoil, nínú ìwé ńlá tí ó kọ ní 1943 lórí Fá ní ilẹ̀ Dàhòmì, fi geomancy pe ti àwọn ará ibẹ̀ láti orí àkọlé wá. Archdeacon T. A. J. Ògúnbíyì, ẹni tí ó dá Ẹgbẹ́ Ògbóni Onígbàgbọ́ sílẹ̀ ní 1914 nítorí pé ó rí ti Freemason ní Èkó, ni ó kó Ifá, agbigba, yanrìn títẹ̀ àti owó ẹ́rìndínlógún pọ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo ní 1952. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ríran: ó mọ̀ pé ìbátan ni wọ́n, kò sì pe ọ̀kan ní èkejì. Àwọn baba wa náà kò pè wọ́n ní orúkọ kan.

Ìyàtọ̀ kékeré kan tilẹ̀ wà tí ó máa ń wù mí. Lórí bébà Golden Dawn, bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, àmì kan ni a óò fà. Lọ́wọ́ babaláwo, bí ikin kan bá ṣẹ́kù, méjì ni yóò tẹ̀. Bí méjì bá ṣẹ́kù, ẹyọ kan ni yóò tẹ̀. Ifá kì í tẹ ohun tí ojú rí.

Nísinsin yìí mo dé ibi tí mo ń lọ. Àwòrán kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ògbóǹtarìgì kan kò lè wo àmì mẹ́rin lórí yanrìn kí ó sì mọ̀ pé ìyàwó oníbèéèrè yóò bímọ. Ibì kan gbọ́dọ̀ wà tí a fi ìtumọ̀ pamọ́ sí, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí aṣelámèyítọ́ lọ wò. Ibo ni Golden Dawn fi tiwọn sí? Inú tábìlì ni. Ẹ mú Carcer. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n. Ìwé yóò sọ fún wa pé Saturn ni ìràwọ̀ rẹ̀, Capricorn ni ilé rẹ̀, ilẹ̀ ni ó jẹ́ tirẹ̀, Zazel ni ẹ̀mí tí ń ṣàkóso rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a óò tún rí tábìlì mìíràn: bí Carcer bá bọ́ sí ilé kìíní, kò dára, bí ó bá bọ́ sí ilé kejì, ó dára díẹ̀ tàbí kò dára. Gbólóhùn kan, ó parí. Aleister Crowley, tí ó wọ ẹgbẹ́ náà ní 1898, tẹ ìwé kan jáde ní 1909 tí ó pè ní 777, tábìlì sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: àwọ̀, òkúta, ewéko, ẹranko, òrìṣà orílẹ̀-èdè gbogbo, a tò wọ́n bí ẹrù inú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ó bá há a sórí ti há orúkọ sórí. Kò tíì gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe.

Inú ẹsẹ ni Ifá fi tirẹ̀ sí. Odù 256 ni ń bẹ, ẹsẹ tí ó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ṣeé kà tán. Wándé Abímbọ́lá, ẹni tí ó gbé Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968, ti fi hàn wá bí a ti ń hun ẹsẹ: orúkọ awo tí ó dífá, ẹni tí a dá a fún, ìdí tí ó fi wá, ohun tí a ní kí ó ṣe, bóyá ó gbọ́ tàbí kò gbọ́, ohun tí ó dé bá a, ayọ̀ tàbí àbámọ̀ rẹ̀, orin. Ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀, ẹni tí ìṣòro dé bá ní ọjọ́ kan. Oníbèéèrè jókòó, ó ń gbọ́ ẹsẹ bí wọ́n ti ń jáde, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì ní, “Ẹ dúró níbẹ̀, tèmi nìyẹn.” Ọmọ awo ń lo ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó lè kì wọ́n. Àròkọ gidi ni, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àbájáde. Tábìlì kò ní.

Ẹnì kan lè bi mí pé ṣé ìtumọ̀ kò sí nínú àwòrán fúnra rẹ̀ ni. Mo mọ ibi tí ó ti fẹ́ mú mi: Carcer ni ẹ̀wọ̀n, ẹni tí ó bá sì gbọ́ Yorùbá yóò gbọ́ dídí nínú Òdí. Ó jọra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi orúkọ mẹ́rìndínlógún kan mẹ́rìndínlógún, ó di dandan kí ọ̀kan tàbí méjì ṣe wẹ́kú. Kí a wá wo Òtúrá. Gbogbo ẹni tí ó gbọ́ Ifá díẹ̀ ni ó mọ̀ pé inú Òtúrá Méjì ni ọ̀rọ̀ àwọn Ìmàle wà. Àwọn tí a dá a fún ń bẹ tí babaláwo fúnra rẹ̀ sọ fún pé kí wọ́n lọ kírun. Ọ̀mọ̀wé Gbàdàmọ́sí kọ̀wé lórí èyí ní 1977. Puella ni Golden Dawn ń pe àwòrán kan náà, ìyẹn ọmọdébìnrin, Venus ni ìràwọ̀ rẹ̀. Ibo ni Ìmàle àti ọmọdébìnrin ti pàdé? Kò síbì kan. Àwọn tí ó kó ìtàn sínú àwòrán ni ó fún un ní ìtumọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára jù nìyí. Òfin kan wà nínú ìwé Golden Dawn pé bí Rubeus tàbí Cauda Draconis bá jáde ní ilé kìíní, kí a fa bébà náà ya, kí a má kà á, kí a má sì tún bèèrè ọ̀rọ̀ náà títí wákàtí méjì ó kéré tán yóò fi kọjá. Rubeus ni Ìká. Cauda Draconis ni Ògúndá. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fi ojú inú wo babaláwo tí ó rí Ìká lórí ọpọ́n, tí ó fi ọwọ́ gbá ìyẹ̀rosùn nù, tí ó ní kí oníbèéèrè máa lọ sílé, kí ó padà wá ní ìrọ̀lẹ́! Bí Ìká bá jáde, ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. A ó fi ìbò bèèrè bóyá ire ni tàbí ibi. Bí ó bá jẹ́ ibi, irú ibi wo? Kí ni kí a fi rúbọ? Kò sí odù tí a ń sọ nù, nítorí pé kò sí ọ̀ràn ènìyàn tí a ń sọ nù. Mo gbà pé kì í ṣe ìwà burúkú ni ó mú kí Golden Dawn ya bébà. Tábìlì wọn kò ní ohun tí wọn yóò sọ fún ẹni tí ibi dé bá ni. Ẹsẹ ni ì bá sọ ọ́.

Kí n má ṣe ojúsàájú. Ohun tí ó dára ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gba obìnrin wọlé bí wọ́n ti gba ọkùnrin. Florence Farr, òṣèré orí ìtàgé, di olórí tẹ́ńpìlì wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1897, nígbà tí ó jẹ́ pé lọ́dọ̀ tiwa, a ṣì ń jiyàn lónìí bóyá obìnrin lè di ìyánífá. Wọ́n kọ ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀ létòlétò. Wọ́n sì gbàgbọ́ pé ẹni tí kò kàwé kò lè dárà nínú awo, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí àwọn awo ojú títì wa gbọ́.

Nínú gbogbo wọn ẹnì kan náà wà tí ó mọ ohun tí ó kù, akéwì sì ni. W. B. Yeats wọ ẹgbẹ́ náà ní 1890. Ó gba ìbúra, ó há tábìlì sórí bí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lẹ́yìn tí ó gbéyàwó ní 1917, òun àti ìyàwó rẹ̀ kó ètò tiwọn jọ, ìyẹn ni A Vision, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1925, tí ó sì tún ṣe ní 1937. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ìwé náà le bí òkúta, tábìlì pọ̀ nínú òun náà. Ewì tí ó kọ láti inú rẹ̀ ni ó yè. Inú ọ̀kan nínú àwọn ewì wọ̀nyẹn ni Chinua Achebe ti mú orúkọ Things Fall Apart ní 1958, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà sì ti pe ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn láìmọ̀ pé láti ọwọ́ ọmọ Golden Dawn ni ó ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni àmì ṣe ń rìn: ó dé Nàìjíríà nínú ìlà ewì kan, kì í ṣe nínú tábìlì 777.

Ìdí tí mo fi ń pariwo báyìí kò jìnnà. Ní ọdún 2023 àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Ìlọrin lórí ọdún ìṣẹ̀ṣe tí a fẹ́ ṣe níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń sọ. N kò ní dá ẹjọ́ yẹn níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ìlú kan náà, ìwé Regardie wà lórí ilẹ̀ ní Challenge, kò sí ẹni tí ó bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo mọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n lè to àwòrán Látìnì mẹ́rìndínlógún lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ka odù dé Ọ̀wọ́nrín, ó di kíkólòlò. Wọ́n ń wá ìjìnlẹ̀, mo mọ̀, n kò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. UNESCO kéde Ifá ní 2005 pé ó wà lára ohun iyebíye tí ènìyàn fi ẹnu gbé kalẹ̀. Gbogbo ètò Ifá dídá ni wọ́n kéde, ẹsẹ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yanrìn ni ó kù tí kò jẹ́ kí n fi ọkàn balẹ̀. Mo ti fi Golden Dawn wé Ifá, n kò tíì fi wé àáfà bí ó ti yẹ. Ní ilẹ̀ Mali, orúkọ àwọn ànábì ni wọ́n fi pe púpọ̀ nínú àwòrán yanrìn: Yusufu, Adama, Ibrahima. Níbi tí orúkọ ènìyàn bá wà, ó yẹ kí ìtàn wà pẹ̀lú rẹ̀. Mo bi Baba bí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ bá wà fún táríkì àti jàmáà ní Ìlọrin. Ó ní ó pọ̀, pé kí n mú ìwé tí ó nípọn ju èyí tí mo gbé wá lọ.